Níbo ni ìtẹnumọ́ ń bọ́ sí nínú gbólóhùn Faransé?

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Ìdánwò ìmọ̀ èdè Faransé tí wọ́n ń pè ní DELF B1 ni mò ń múra fún, apá ọ̀rọ̀ sísọ ló sì ń dà mí láàmú.

Pípín ọ̀rọ̀ sí sílébù lórí ìwé kò ni mí lára. Kọ́ńsónáǹtì kan láàárín fáwẹ̀lì méjì a máa bá èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ: a-mi. Tí kọ́ńsónáǹtì bá jẹ́ méjì, wọn a pínyà: par-tir, àfi irú bl àti pr tí kì í túká: ta-bleau.

Ìgbà tí mo bá lanu ni wàhálà dé. Wọ́n ní sílébù tó kẹ́yìn àpólà (ọ̀rọ̀ mélòó kan tí a pè pọ̀) ni ìtẹnumọ́, ìyẹn ìwúwo ohùn, ń bọ́ sí, wọ́n ní e tí kì í dún kò sí lára rẹ̀. Mo rí i nínú un ami, ó wà lórí mi. Nínú un ami français, ó ti sún sí çais. Ṣùgbọ́n nínú « Prends-le ! », le yẹn gan-an ni mo ń gbọ́ tó wúwo jù.

Mo ti ń tẹ́tí sí ìròyìn RFI, rédíò ilẹ̀ Faransé, mò ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e, mo sì ń gba ohùn ara mi sílẹ̀. Síbẹ̀, bíi Yorùbá ni mò ń pè é: gbogbo sílébù ló ń wúwo bákan náà.

Nínú « Les enfants de ma sœur arrivent samedi matin », níbo gan-an lẹ máa ń gé e? Ṣé sœur àti tin nìkan lẹ ń tẹnu mọ́, àbí arrivent náà wà níbẹ̀? Kí sì ni òfin tó ya « Prends-le ! » sọ́tọ̀?