Ṣé owó wúrà àwọn Celt lè jẹ́rìí pé àwọn Belgae ṣí lọ sí Bìrìtéènì?

Awáwùúrà:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Caesar, ọ̀gágun Róòmù, kọ ọ́ pé àwọn Belgae, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó wà ní àríwá Gaul (ilẹ̀ Faransé òde òní àti àyíká rẹ̀), ré òkun kọjá láti ibẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí etíkun Bìrìtéènì. Mo rí i pé owó wúrà tí wọ́n ń pè ní Gallo-Belgic pọ̀ ní Kent àti lẹ́bàá odò Thames, bẹ́ẹ̀ agbègbè Amiens ní àríwá ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ka púpọ̀ nínú wọn sí. Ṣé mo lè fi máàpù ibi tí wọ́n ti rí wọn ṣe ẹ̀rí pé èèyàn ló ṣí wá?

Ìyá Òṣùwọ̀n:
Máàpù nìkan ò tó. Owó máa ń rìn láìjẹ́ pé ìdílé ẹni tó ní in ṣí kúrò nílé. Ẹ wo ìpìlẹ̀ rẹ̀: Philip Kejì, ọba Makedóníà (359 sí 336 ṣáájú Kristi), tẹ owó wúrà tó wúwo tó gíráàmù 8.6, orí Apollo, òrìṣà àwọn Gíríìkì, lójú kan, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin méjì lójú kejì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn jagunjagun Celt tí wọ́n háyà ló kó o wálé, tí àwọn alágbẹ̀dẹ Gaul fi ń ṣe àwòṣe rẹ̀. Ewé orí Apollo di ìlà lásán, kẹ̀kẹ́ túká, ó ku ẹṣin kan ṣoṣo. Kò sí ará Makedóníà tó tìtorí ìyẹn tẹ̀dó sí Gaul.

Ẹ tún ya oríṣi E nínú owó Gallo-Belgic náà sọ́tọ̀ lórí máàpù yín. Ojú kan rẹ̀ gbófo, ẹṣin wà lójú kejì, ó wúwo tó bíi gíráàmù 6.2. Àsìkò ogun Caesar ni púpọ̀ nínú wọn bọ́ sí, Caesar fúnra rẹ̀ sì ní àwọn ará Bìrìtéènì ń ran Gaul lọ́wọ́. Ẹni tó lọ jagun, tó gba owó, tó padà sílé rẹ̀, máa fi irú àmì kan náà sílẹ̀ bí ẹni tó ṣí wá.

Alágbẹ̀dẹ Àtijọ́:
Ohun tó sún mọ́ ẹ̀rí jù ni ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ owó ní ilẹ̀ tuntun náà. Commius, ọba ẹ̀yà Atrebates ní Gaul, bá Caesar ṣọ̀rẹ́, ó tún bá a jà, ó wá sá lọ sí Bìrìtéènì. Lẹ́yìn náà, owó tí wọ́n kọ COMMIOS sí jáde ní gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí orúkọ Atrebates ti wà bákan náà. Àwọn kan ní ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ló tẹ̀ ẹ́. Bó ti wù kó rí, ìyẹn fi hàn pé olóyè kan dé. Iye èèyàn tó tẹ̀lé e, eyín àwọn òkú tí wọ́n sin níbẹ̀, tó máa ń fi ibi tí ẹnì kan ti dàgbà hàn, ni ẹ ó fi wádìí.

Ìyá Òṣùwọ̀n:
Ní ti irin rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán yẹ̀ ẹ́ wò máa ń ka awọ òkè nìkan. Ilẹ̀ ti fa fàdákà àti bàbà kúrò lójú rẹ̀, nítorí náà wúrà á dà bí ẹni pé ó pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, kí ẹ fi òwú tín-ín-rín so ó rọ̀ sínú omi, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí gíráàmù 6.20 bá dín 0.45 nínú omi, ẹ fi 0.45 pín 6.20: ó wúwo ju omi tó gba àyè kan náà lọ ní ìlọ́po 13.8. Wúrà pọ́ńbélé jẹ́ 19.3, fàdákà 10.5, nítorí náà bí iye yìí bá ṣe ga tó ni wúrà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Àṣìṣe 0.01 péré nínú ohun tó dín á gbé e lọ sí 14.1 tàbí 13.5, nítorí náà òṣùwọ̀n tó ń ka dé 0.001 ni kí ẹ lò. Afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ owó á mú kí wúrà dà bí ẹni pé ó kéré. Ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sómi.

Wá-kó-o-rí:
Ẹ wo Baitz ní Brandenburg, ní Jámánì, náà, níbi tí wọ́n ti rí 41 owó wúrà tó tẹ̀ kòtò bí àwo kékeré. Àwọn Celt ò gbé níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń ya máàpù, ẹ fi àmì kan hàn fún owó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ pọ̀, òmíràn fún ẹyọ kan tó já bọ́. Ìdì kan ṣoṣo ni 41 yẹn.