Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ṣé kí màmá mi ṣì máa lọ sóko?

Ọmọ Kétu: Ẹ kú alẹ́ ẹ̀yin ará ilé. Látìgbà tí bàbá wa ti kú, màmá ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, oúnjẹ ò wù wọ́n, wọ́n á kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọ́n á fọwọ́ lẹ́rán. Oko tẹ̀tẹ̀ wọn létí odò nìkan lojú wọn ti ń là, tí wọ́n bá ti ń fọwọ́ tú ilẹ̀ báyìí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní Kutọnu ní kí wọ́n má lọ mọ́, pé kòkòrò wà nínú ilẹ̀. Lánàá mo tún gbọ́ ohùn kan lórí WhatsApp pé kòkòrò ilẹ̀ kan ń wo ìbànújẹ́ àti ikọ́ ife, ẹnì kan sì ti ń ta omi ilẹ̀ nínú ìgò nítorí ẹ̀. Ṣé ká rà á fún màmá?

Tàǹtí Ṣábẹ̀ẹ́: Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run á tu màmá nínú. Má jẹ́ kí wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn o! Èmi náà, nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, oko ẹ̀gẹ́ ló mú mi dúró. Àmọ́ omi inú ìgò yẹn, rárá.

Bọ̀dá Láàbù: Ó ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yìí gbowó èèyàn. Kòkòrò yẹn wà lóòótọ́, Mycobacterium vaccae, mọ̀lẹ́bí kòkòrò ikọ́ ife àti ti ẹ̀tẹ̀ ni, àmọ́ òun kì í pani lára. Ilẹ̀ etí adágún Kyoga ní Ùgáńdà ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ John Stanford àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti mú un, torí wọ́n rí i pé abẹ́rẹ́ BCG, àjẹsára ikọ́ ife, ń ṣiṣẹ́ dáadáa fáwọn ará ibẹ̀. Dókítà Mary O'Brien gún un fáwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní London, èsì tó jáde ní 2004 fi hàn pé ẹ̀mí wọn ò gùn sí i, ṣùgbọ́n ara tù wọ́n. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ti wọlé. Ní 2007 onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Chris Lowry ní Bristol gún un féku, ibi tó ń ṣe serotonin, èròjà tó ń bá ìdùnnú rìn, nínú ọpọlọ wọn sì jí, eku ni o, kì í ṣe ìyá wa. Ti ikọ́ ife, Dar es Salaam ni wọ́n ti ṣe é fáwọn tó ní HIV tí wọ́n ti gba BCG rí, abẹ́rẹ́ márùn-ún, ikọ́ ife fi 39% dín kù. Òkú kòkòrò ni gbogbo èyí tí mo kà yìí, wọ́n ti pa á kí wọ́n tó gún un.

Ọmọ Ìlàrá: Ẹ̀gbọ́n, ṣebí wọ́n ní eku kan jẹ ẹ́ láàyè?

Bọ̀dá Láàbù: Bẹ́ẹ̀ ni, ní Amẹ́ríkà, nínú ẹ̀pà lílọ̀, eku yẹn sì tètè mọ̀nà. Òun nìkan ni wọ́n fún wọn o, kò sí ẹyin aràn níbẹ̀ bíi ti ilẹ̀ tiwa.

Ọmọ Kétu: Ẹ ṣeun, ọkàn mi balẹ̀. Kí n tó gbàgbé, kókó kan wà lójúgun màmá, ó tó èkùrọ́, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ yìí ó le, kò dùn wọ́n rárá, wọ́n ní ó ti lé lóṣù kan.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ má fi ewé sí i, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni là á! Kòkòrò mìíràn wà nínú ìdílé kan náà, Mycobacterium ulcerans, òun ló ń fa egbò Buruli, àrùn tó ń jẹ awọ àti ẹran ara, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kókó tí kì í dunni, lágbègbè odò àti àbàtà. Ó lè má jẹ́ òun, ṣùgbọ́n ẹ gbé wọn lọ sí ibùdó ìtọ́jú ẹ̀ ní Pobè kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá tètè rí i, oògùn rifampicin àti clarithromycin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń wò ó.

Ọmọ Kétu: Àárọ̀ ọ̀la la ń gbéra. Màmá ti gbà, wọ́n kàn ní kí ẹnì kan bá àwọn bomi rin tẹ̀tẹ̀.