"Ìfaragbà" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "inú rere"

Ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, bí a ṣe ń wá orúkọ Yorùbá fún "altruism" àti "kin selection" tí àwọn onímọ̀ ohun alààyè ń lò.

Ọ̀gá wa láti Òmù-Àrán dá a lábàá lánàá pé tí ẹranko kan bá ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí ìbátan rẹ̀, kí a pe ìwà náà ní "inú rere". Wọ́n ní kí a sì pe ọ̀nà tí ẹfolúṣọ̀n (bí ohun alààyè ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran) fi ń gbé irú ìwà bẹ́ẹ̀ ró ní "àṣàyàn ẹbí", torí pé méjèèjì rọ ẹnu, ọmọ iléèwé kò ní kọsẹ̀. Ẹ má bínú, ọ̀gá, mi ò gbà.

"Inú" yẹn ni mo bá wí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà lóko ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn Ọ̀ffà, oyin kan ta mí lọ́rùn ọwọ́. Mo wò ó, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì wà lára mi, nǹkan funfun kékeré kan rọ̀ mọ́ ọn, ó ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí. Àpò oró ni. Ẹ̀gbọ́n mi fi èékánná ha á dànù, wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́. Òun náà ò ní pẹ́ kú o." Òótọ́ ni: abẹ́rẹ́ náà ní ẹ̀gún bíi ti ìwọ̀ ẹja, tó bá ti wọ awọ ara wa kò ṣeé fà yọ, ìfun oyin ló ń bá a já. Ta ló wá rí inú oyin tó fi mọ̀ pé ó rere?

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá orúkọ fún kò kan èrò ọkàn rárá. Ìwà tó ń dín iye ọmọ tí ẹni tó hù ú lè bí kù, tó sì ń fi kún ti ẹlòmíì, òun ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ "ìfaragbà". Bí a bá ní ẹnìkan fara gba ọta, a ò tíì sọ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ dúró síbẹ̀ tàbí kò mọ̀; ara ló gbà á. "Àìmọtaraẹninìkan" dára fún ènìyàn, ṣùgbọ́n "mọ" tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún kòkòrò. Ẹnìkan ti bi mí ní kọ̀rọ̀ pé ṣé ẹni tí mọ́tò kọlù náà kò fara gbà? Ó fara gbà. Ẹ jẹ́ ká fi "fún ìbátan" tì í lẹ́yìn, kó lè dá yàtọ̀.

Ní ti "àṣàyàn ẹbí", ará Ìlọrin tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé alága kan ló kó àwọn ẹbí rẹ̀ síṣẹ́ ní káńsù. Kò sẹ́ni tó ṣa ẹnikẹ́ni. W. D. Hamilton, onímọ̀ ẹfolúṣọ̀n, ló gbé ìṣirò ọ̀nà yìí jáde lọ́dún 1964, onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ John Maynard Smith sì fún un lórúkọ Gẹ̀ẹ́sì, "kin selection", lọ́dún náà. Ẹ wo bí ìbátan ṣe sún mọ́ra tó, ẹ fi ṣe ìlọ́po èrè ẹni tí a gbà là. Tó bá ti ju àdánù ẹni tó fara gbà lọ, jíìnì (ohun tí òbí fi ń ta àbùdá látaré sọ́mọ) tó ń fa ìwà náà yóò máa pọ̀ láti ìran dé ìran. Ara ìbátan ni jíìnì ń gbà kọjá. "Àṣàyàn nípasẹ̀ ìbátan" ni mo rò.

Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé ìbátan, mi ò sọ pé ẹbí. Ìyàwó ilé wa, ẹbí ni, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìṣirò Hamilton. Ìdá jíìnì tí à ń bá ìbátan pín ló wà níbẹ̀: ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, 1/2. Ọbàkan, 1/4. Ọmọ àbúrò bàbá ẹni, 1/8. Ẹ rí i bí "ọbàkan" ṣe wúlò tó, tó ti ń dúró dè wá láti ayé àwọn baba wa. "Ọmọ ìyá" ló ń dẹ́rù bà mí: nínú agbo ilé wa, mo ti wọ sẹ́kọ́ńdírì kí n tó mọ̀ pé méjì nínú àwọn tí mò ń pè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá mi rárá.

Ikún ló yẹ ká fi ṣàpèjúwe nínú ìwé ọmọdé. Lọ́dún 1977, Paul Sherman, onímọ̀ ìwà ẹranko, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde lórí irú ikún kan ní California. Bí ẹranko ajẹran bá yọ, àwọn abo tó ní ọmọ, ìyá tàbí àbúrò nítòsí ló ń ké jù, bẹ́ẹ̀ ẹranko náà máa ń lé ẹni tó ké ju ẹni tí kò ké lọ. Akọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ké, torí akọ ló ń ṣí kúrò níbi tí wọ́n bí i sí, abo ló ń jókòó ti ilé. (Tiwa ni òdìkejì: obìnrin ló ń rèlé ọkọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń ní ẹnìkan kọ etí ikún sí yín, ẹ tún un rò.)

Ó ku iye tó ń sọ bí ìbátan ṣe sún mọ́ra tó, 1/2, 1/4 yẹn. "Ìdá ẹ̀jẹ̀" kò tọ́, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni à ń pín. Mo ronú kan "ìwọ̀n okùn", torí a máa ń ní okùn ọmọ ìyá yi, ṣùgbọ́n yóò dà bí ẹni ń wọn okùn lọ́jà. Ẹ̀yin ará Ìgbómìnà, ṣé ẹ̀ka èdè yín ò ní nǹkan kan?