Láti káàtì dé Formula 1: kí ló kàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 15 tó ti gba ife-ẹ̀yẹ nínú káàtì (ìdíje ọkọ̀ kéékèèké), tó fẹ́ dé Formula 1 (F1), ibo ló kàn? Ṣé owó nìkan ló ń dínà ni?

Èsì: Formula 4 ló kàn, lẹ́yìn náà F3, kó tó kan F2. Owó ń dínà lóòótọ́, àmọ́ Super Licence, ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ ní F1, ṣì wà níwájú. Àmì 40 láàárín ọdún mẹ́ta ni FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ń béèrè. Ipò kìíní sí ìkẹta ní F2 ń mú 40 wá lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣẹ́gun F3 ń gba 30. Ti F4 kò ju 12 lọ, nítorí náà kó má pẹ́ níbẹ̀.

Èsì: Aṣẹ́gun IndyCar, ìdíje ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà, náà ń gba 40. Ẹni tó bá fẹ́ gba Super Licence tún gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ F1 sá 300 kìlómítà.

Èsì: Ẹ má gbàgbé ọrùn o! Bó bá rẹ̀ ẹ́, orí á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà, kò sì ní rí iwájú dáadáa mọ́. Bíréèkì ńkọ́? Ẹsẹ̀ òsì ni. Kó tẹ̀ ẹ́ gbáà níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kó wá máa tú u díẹ̀díẹ̀ bí eré ṣe ń dínkù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà á dúró gbagidi, á máa wọ́ nílẹ̀, á sì jẹ lójú kan.