Ta ló ń fi òróró yan dìsìtíríbútọ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Òkè-Fìà tó ń túmọ̀ ìlànà ìtọ́jú ọkọ̀ Triumph TR6 fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì l'Óṣogbo ti gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta síwájú wa: "apínná" (látinú "pín iná") fún dìsìtíríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì, "akàyípo" fún aago tó ń ka yíyípo ẹ́ńjìnnì, àti "ìfòróróyàn" fún fífi ọ́ìlì àti gírísì sí wọn. Àbúrò kan sì ti kọ "kan epo" sábẹ́ rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ṣeé gbé yẹ̀wò. Ẹ̀kẹta ni mi ò lè gbé mì.

"Yàn" ló bà á jẹ́. Ẹni tí a bá fi òróró yàn, a ti ṣà á láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, a sì da òróró lé e lórí. Ìtumọ̀ tí gbogbo wa gbà látinú Bíbélì nìyẹn, dídà sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá kà á á gbé agolo, á dà á. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ba dìsìtíríbútọ̀ jẹ́ gan-an nìyẹn. Ọ́ìlì tó bá ta sí ojú kọ́ńtáàtì, irin méjì tó ń kanra tó sì ń yà láti já iná, á jóná níbẹ̀, á di èédú, iná ò ní ráyè kọjá dáadáa mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì máa mísì.

"Òróró" fúnra rẹ̀ ò dára. Ẹ béèrè òróró l'Ọ́jà-Ọba, òróró ẹ̀pà ni wọ́n máa wọ̀n fún yín. Tí ooru ẹ́ńjìnnì bá mú òróró oúnjẹ pẹ́, ó máa ń ki, ó máa ń lẹ̀. Àwọn irin kéékèèké abẹ́ àwo tí kọ́ńtáàtì jókòó lé, tí ń mú kí iná tètè ta bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, á wá há. "Epo" náà ò gbà wá: bẹntiróòlù ni epo ní gáráàjì, bẹntiróòlù sì ń fọ gírísì dànù. Ọ́ìlì ni ká pè é.

Yorùbá ti ya àwọn ìṣe yìí sọ́tọ̀ kí mọ́tò tó dé. A ní kán, a ní kàn, a ní ra. Àwọn ìyá wa kì í fi òrí yan ọmọ jòjòló, wọ́n ń fi ra á lára ni. Ẹ wá wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ṣí ìdérí, fa rótọ̀, èyí tó ń yí lábẹ́ ìdérí, sókè tààrà. Skúrúù kan wà lórí ọ̀pá níbẹ̀. Má tú u, ọ́ìlì á rí àlàfo gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kó lè dé àárín ọ̀pá àti kámù, irin oníigun tó ń ti kọ́ńtáàtì ṣí. (Nínú Volkswagen Ìjàpá, fẹ́ẹ̀tì, aṣọ kíki tó ń fa ọ́ìlì mu, ló wà lábẹ́ rótọ̀; kó ṣáà rin, kó má ṣàn.) Kán díẹ̀ gba àlàfo ẹ̀gbẹ́ kámù lọ sára àwọn irin abẹ́ àwo. Òpó kékeré tí kọ́ńtáàtì ń mì lórí rẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ kì í ṣe kán rárá, kàn ni: ti orí wáyà tín-ín-rín bọ ọ́ìlì, kí o fi kàn án. Kámù ni a ń fi gírísì ra, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ojú irin á ṣì máa hàn. Bí kámù bá gbẹ, gìgísẹ̀ kọ́ńtáàtì tó ń fara kan kámù á máa jẹ, àlàfo kọ́ńtáàtì tó yẹ kó wà ní 0.35 sí 0.40 mm á fún, iná á máa pẹ́ ta, ọkọ̀ ò ní lágbára gun òkè.

Nítorí náà, àbúrò tó kọ "kan epo" láìfàmì sí i, ewo lo ní lọ́kàn? Àmì ohùn kan péré ló ya ẹ̀kán ọ́ìlì sọ́tọ̀ sí fífi orí wáyà kàn án. Ríra náà kì í ṣe rírà.

Ti akàyípo tún hàn jù. Nínú TR6, eyín inú dìsìtíríbútọ̀ ló ń yí wáyà tó lọ bá aago náà. Fa wáyà inú jáde, nù ún mọ́, fi gírísì ra á, ṣùgbọ́n fi bíi 20 cm tó kángun sí aago sílẹ̀ ní gbígbẹ. Bí wáyà bá ń yí, gírísì á máa gùn ún lọ sínú aago, aago á sì bàjẹ́. Bí wáyà bá gbẹ pátápátá ńkọ́, ọwọ́ aago á máa fò; bó bá há, eyín inú dìsìtíríbútọ̀ lè ká. Ibo ni "yàn" ti sọ ìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yorùbá ní yunifásítì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Àmọ́ àwọn àgbà tí wọ́n fi Morris àti Peugeot 404 kọ́ṣẹ́ kì í pe kán ní dà, wọ́n sì ti ń dín kù láàárín wa. Ẹnu wọn ló yẹ ká kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ká tó wá ẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan. Bó bá di dandan kí orí ọ̀rọ̀ wà, "Kíkán ọ́ìlì àti fífi gírísì ra" ti tó.

Ó ku "apínná". Àwọn kan ní ká yọ n kan, kó di "apíná". Mi ò gbà. Tan iná ló di tanná. Ẹni tó bá fẹ́ fi panápaná dá mi lóhùn, kó kọ́kọ́ wò ó pé fáwẹ̀lì inú "pa" kì í ṣe àránmúpè, ti inú "pín" àti "tan" ni àránmúpè.