Ìbọn Snider nínú àjà: ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó nù ún

Láti Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin ará, tí ìbọn ogun àtijọ́, bíi Snider (ìbọn ológun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ki láti ìdí), bá jáde láti àjà ilé ẹbí, ẹ má tíì mú àkísà. Ẹ kọ́kọ́ gbà pé ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séèyàn, ẹ má sì fọwọ́ kan ibi tí ìka ń fà. Tó bá jẹ́ ṣakabùlà, tí wọ́n ń ki láti ẹnu, ẹ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dúró, ẹ sàmì sí igi náà, kí ẹ wá fi wọn ìta ọ̀pá. Bí igi bá ku íǹṣì méjì tàbí mẹ́ta kó tó dé ihò tí iná ń gbà wọlé, nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ pe ọlọ́pàá. Ẹ̀tù tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣì ń gbiná bó bá gbẹ.

Láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ẹ̀tù, ẹ jẹ́ ká sọ ti àmì. Àwo irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, nísàlẹ̀ òòlù (irin tí à ń fà sẹ́yìn kí ìbọn tó yìn), ni kí ẹ wò: adé, lẹ́tà V.R. (ti Ọbabìnrin Victoria) àti ọdún ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ibí yìí ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Wọ́n á rí 1862, wọ́n á ní ayédèrú ni, torí pé 1866 ni àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì gba Snider wọlé. Kì í ṣe ayédèrú. Ìbọn Enfield ti 1853, tí wọ́n ń ki láti ẹnu, ni wọ́n gé ní ìdí, tí wọ́n fi ìlẹ̀kùn irin tí Jacob Snider, ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ sí i. Ìlẹ̀kùn náà ń ṣí sí ọ̀tún. Ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ àwo ẹ̀gbẹ́, ọdún àtijọ́ sì dúró lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìlẹ̀kùn bá ní bọ́tìnnì kékeré lápá òsì, Mark III nìyẹn, irú Snider kẹta, tí wọ́n ṣe ní tuntun, kì í ṣe Enfield tí wọ́n gé. Tí Mark III bá gbé 1862, ẹ béèrè bóyá ìbọn méjì ni wọ́n so pọ̀.

Ọfà gbòòrò ni àmì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì; méjì tó forí kanrí túmọ̀ sí pé ìjọba náà ti tà á kúrò lọ́wọ́ ológun. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ń fi ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí Èkìtì Parapọ̀, nígbà tí ṣakabùlà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ Ìbàdàn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé “ìbọn Kírìjì ni” rọrùn láti sọ. Ẹ bi olóhun ní ìwé, fọ́tò àtijọ́, tàbí orúkọ tí wọ́n fín sí igi. Tí ẹ bá rí àmì tí wọ́n fi lẹ́tà Nepal kọ, ológun Nepal ló ni ín, ìtàn Kírìjì ti já nìyẹn.

Láti Mushin

Ti títú rẹ̀ ló ń bà á jẹ́ jù. Sukúrù méjì ló di àwo ẹ̀gbẹ́ mú, orí wọn wà lápá òsì. Ẹ kán òróró sí i, ó di ọjọ́ kejì. Ẹ fa òòlù dé ìdajì. Ẹnu sukurudíráfà gbọ́dọ̀ kún ojú sukúrù dáadáa. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ, á sì ha á. Ẹ yí sukúrù bí ìgbà mẹ́ta, ẹ má yọ ọ́ tán, kí ẹ wá fi ìdí sukurudíráfà gbá orí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwo á ti ara rẹ̀ jáde lápá kejì. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ họ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ni igi ń kán mọ́ lọ́wọ́.

Dógùn-ún pupa tó ń bu bí gààrí ṣì ń jẹ irin. Èyí tó dúdú, tó le, tó ń dán díẹ̀, ọjọ́ orí ìbọn ni, ẹ fi í sílẹ̀. Fún ti pupa, òróró máṣíìnì ìránṣọ àti kànrìnkàn onírin tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tí wọ́n kọ 0000 sí. Ẹ fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rà á, ẹ nù ún, ẹ tún un ṣe. Ẹ má lo sáńpépà, ẹ má sì lo omi bátìrì: àwọn àmì wọ̀nyẹn kò jìn, wọ́n á lọ, ìtàn ìbọn á sì bá wọn lọ. Àdín máa ń dì mọ́ irin tó bá pẹ́. Ẹ́ńjìnì ọ́ìlì tí wọ́n ti lò, omi àti ásíìdì wà nínú rẹ̀.

Láti Láfíàjì

Ẹ má gbé e wọ dáńfó kọjá Third Mainland. Òfin Ìbọn ti 1959 ka àwọn irú ìbọn ogun kan mọ́ èyí tó jẹ́ èèwọ̀ láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ. Ṣakabùlà ní ìpín tirẹ̀, òun náà sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Snider kì í ṣe ṣakabùlà, ẹ má fi ara yín sábẹ́ ìpín yẹn. Ọlọ́pàá ni kó wá bá a nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn. Òfin 77 ti 1979 ka ohun tí ọwọ́ tiwa ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì tún kan ohun tó ní ìtàn tí wọ́n ti lò fún ètùtù. Ẹ bi wọ́n bóyá Snider tí ẹbí fi ń bọ Ògún bọ́ sábẹ́ rẹ̀; bó bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀, kò ní lè kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé.

Ní ti ìpamọ́, ọ̀rinrin Èkó sábà máa ń kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, 45 sí 55 ló sì bá irin àti igi lára mu pọ̀. Ẹ má fi sínú àpò awọ. Ẹ kó àpò sílíkà jẹ́lì sínú àpótí, ẹ máa yan wọ́n gbẹ nígbà tí wọ́n bá ti mumi yó. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn dojú kọlẹ̀, kí òróró má baà ṣàn wọ inú igi.

Ẹ sì ya fọ́tò kó tó kúrò nílé: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwo, ìlẹ̀kùn, irin ìdí, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó fún ẹni sẹ́yìn fọ́tò náà.