Ta ló ń bọ́ Ned Kelly àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ nínú igbó?

Olóyè_Kékeré béèrè:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń ka ìtàn Ned Kelly, adigunjalè inú igbó ilẹ̀ Ọsirélíà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1878, òun àti Dan àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú Joe Byrne àti Steve Hart, kojú ọlọ́pàá ní Stringybark Creek, ọlọ́pàá mẹ́ta sì kú. Oṣù kẹfà ọdún 1880 lọwọ́ tó tẹ̀ wọ́n. Láàárín oṣù 20 yẹn, owó tí ìjọba gbé lé orí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di 8,000 pọ́n-ùn. Ta ló ń fún wọn lóúnjẹ? Kí ló dé tí àwọn aládùúgbò ò tà wọ́n? Ti ẹ̀wù irin tí wọ́n fi ohun ìtúlẹ̀ rọ, mo ti gbọ́ ìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń gbé ayé ni mo fẹ́ mọ̀.

Bàbá Àlàbá:
Ìbẹ̀rù ni, ọmọ mi. Aaron Sherritt, ọ̀rẹ́ Joe Byrne láti kékeré, ńkọ́? Nígbà tí wọ́n gbà pé ó ń gbowó ọlọ́pàá, Joe fúnra rẹ̀ ló yìnbọn pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọlọ́pàá mẹ́rin wà nínú yàrá ilé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí èyí tó jáde. Ta ló máa rí irú ìyẹn tí yóò la ẹnu?

Àdùnní_Wangaratta:
Bàbá, ìbẹ̀rù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìkúpa Sherritt kò ju ọjọ́ méjì lọ kí ọwọ́ tó tẹ̀ wọ́n. Kí ló ti ń pa àwọn ènìyàn lẹ́nu mọ́ látẹ̀yìn wá?

Agbègbè yìí ni mò ń gbé, ilẹ̀ sì ni mo rò pé kí a kọ́kọ́ bi. Àwọn olówó ẹran ti gba gbogbo ibi tó ní omi kí tálákà tó dé. (Àwọn Òyìnbó ló ń bá ara wọn jà lé e lórí o, wọ́n ti lé àwọn tó ni ín kúrò.) Òfin ọdún 1869 wá ní kí tálákà mú tó éékà 320, kí ó máa san ṣílè méjì lórí éékà kan lọ́dọọdún, kí ó máa gbé orí ilẹ̀ náà, kí ó ṣọgbà yí i ká, kí ó sì dáko sí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Bí ó bá kùnà, ilẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ rántí pé igi ńláńlá ló kún ibẹ̀, àáké ni wọ́n fi ń gé e.

Opó ni Ellen Kelly, ìyá Ned. Éékà 88 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Eleven Mile Creek, lẹ́bàá Greta. Pákó lílà ni ògiri ilé, èèpo igi ni òrùlé. Oko ò mówó wá tó, ló bá ń ta ọtí fún àwọn arìnrìn-àjò láìgba ìwé àṣẹ. Bí ẹṣin tálákà bá sì ṣìnà wọ ilẹ̀ olówó, wọ́n á mú un lọ sí àhámọ́ ẹran, owó ni ẹni tó ni ín máa fi gbà á. Nínú lẹ́tà gígùn tí Ned pè fún Joe kọ, èyí tí wọ́n gbé lọ sí Jerilderie ní ọdún 1879, kò fi bò pé òun jí ẹṣin. Ohun tó ń bí i nínú ni ti àhámọ́ ẹran yẹn.

Ní ti oúnjẹ, obìnrin ni. Maggie àti Kate, àwọn àbúrò Ned, máa ń gun ẹṣin jáde lóru, wọ́n á di búrẹ́dì tí wọ́n sun nínú eérú, ẹran àgùntàn, tíì àti tábà lọ bá wọn. Kelly, Quinn àti Lloyd, ìdílé mẹ́ta tó ti fẹ́ra wọn ni. Ibikíbi tí ẹṣin bá ti rẹ̀ wọ́n, ilé ẹ̀gbọ́n, ti àǹtí tàbí ti ìbátan ni. Àwọn ìyá yẹn lójú ju ọlọ́pàá lọ. Ọlọ́pàá sá pamọ́ sórí àpáta lókè ilé ìyá Joe Byrne pé àwọn ń ṣọ́ ọ, ìyá náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè lọ bá wọn níbi tí wọ́n sùn sí.

Èmi gbà pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló ràn wọ́n lọ́wọ́ jù. Oṣù kìíní ọdún 1879, ìgbà ìkórè àlìkámà gan-an, wọ́n kó ènìyàn tó lé ní 20 sí ẹ̀wọ̀n Beechworth pé ọ̀rẹ́ Kelly ni wọ́n. Ọ̀sẹ̀ dé, wọ́n á kó wọn dé iwájú adájọ́, ọlọ́pàá á ní àwọn ò tíì rí ẹ̀rí, wọ́n á tún dá wọn padà. Àwọn mìíràn lò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ta ni yóò kórè oko wọn? Lẹ́yìn èyí, ọlọ́pàá tún ń dí àwọn tí wọ́n fura sí lọ́wọ́ láti gba ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe báyìí fún, ṣé òun ni yóò lọ bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀?

Ìyá Bọ́lá:
Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí òkú o. Kennedy àti Lonigan, méjì nínú àwọn ọlọ́pàá yẹn, fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Ní Glenrowan, ìlú tí ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n, Ned àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti àwọn ará ìlú mọ́ ilé ọtí Ann Jones, wọ́n sì hú irin rélùwéè kí ọkọ̀ tó gbé ọlọ́pàá lè dànù. Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀, ọta ọlọ́pàá ló pa ọmọ Ann Jones, ọmọ ọdún 13.

Àdùnní_Wangaratta:
Òótọ́ lẹ sọ, màmá, mi ò sì ní gbè wọ́n lórí ìyẹn. Gbogbo ará ibẹ̀ kọ́ ló wà lẹ́yìn wọn. Thomas Curnow, olùkọ́ ilé ìwé, ló fi àbẹ́là àti ìborùn pupa dá ọkọ̀ yẹn dúró lóru. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló gbà là.

Olóyè_Kékeré:
Mo dúpẹ́ gan-an, àǹtí. Ìyá wọn ńkọ́?

Àdùnní_Wangaratta:
Adájọ́ Redmond Barry ti rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, kó tó di pé Stringybark Creek ṣẹlẹ̀ rárá, tòun tọmọ ọwọ́. Barry yìí kan náà ló dájọ́ ikú fún Ned. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Melbourne ni ìyá náà wà nígbà tí wọ́n so ọmọ rẹ̀ kọ́ níbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1880. Ó jáde ní ọdún 1881, ó padà sí agbègbè Greta, Jim ọmọ rẹ̀ ló sì tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1923.